Ọdún Tí Mo Di Ohùn Múfú Olójú-Mẹ́rin

Tírélà ló máa ń jí wa nílé wa ní Ajégúnlẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, kí àkùkọ Màmá Onílé tó ráyè kọ, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí pọ́ọ̀tù á ti máa fọn fèrè ọkọ̀ wọn ní títì, páànù orí ilé á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá gbọ́ garawa nídìí kànga, ẹnìkan á ní òun ló kọ́kọ́ dé, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Wàá gbọ́ ìgbálẹ̀ lágbàlá, ṣà, ṣà, ṣà. Wàá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi, nítorí yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni màmá mi ń rán, ẹ̀rọ náà kì í sì í sinmi. Yàrá mẹ́wàá ló wà nílé náà, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà láàárín wọn tí gbogbo wa ń gbà. Ìdílé Màmá Onílé ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé pọ́ọ̀tù máa wà ní Àpápá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń rán wa létí, pàápàá bí ẹnìkan bá da omi ìfọṣọ síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá mi ń wa tírélà. Ó lè lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, bó bá sì dé, oorun ló máa kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ẹ̀bà. Kì í sọ̀rọ̀. Màmá mi ló ń sọ ti àwọn méjèèjì.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Orí mi tóbi, mi ò ní parọ́ nípa ìyẹn, ojú mi kò sì ríran jìnnà. Àwọn dókítà kan wá yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n sì fún mi ní awò ojú kan, àmọ́ àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Bí mo bá tẹrí ba báyìí, awò á ti wà lórí ètè mi. Màmá mi bá gé nínú rọ́bà dúdú tó fi ń rán ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, ó so ó mọ́ apá awò náà méjèèjì, ó gbé e yí orí mi ká. “Ó ti dúró,” ó ní. Lóòótọ́ ló dúró. Ayé mi mọ́lẹ̀ kedere lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé ewé máa ń ní ìlà lára. Mo rí i pé irun funfun ti wà lórí bàbá mi. Mo sì rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri, lára ọkọ̀, lára pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sókè bí mo ti ń lọ, mo sì ń fi ọkàn mi fi àmì ohùn sí èyí tí kò ní. Ìyáàfin Adéòtí tó ń kọ́ wa ní Yorùbá ní iléèwé ló kó àìsàn yẹn ràn mí. Ó máa ń ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì dà bí ọmọ tó wọ bàtà òdìkejì, ó ń rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò mọ ibi tó ń lọ.

Ayọ̀ yẹn kò ju ọjọ́ kan lọ. Bí mo ti wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Dàmọ́lá ti sọ mí ní Olójú-Mẹ́rin. Dàmọ́lá ti tún kíláàsì kà lẹ́ẹ̀mejì, ó ga ju tíṣà ìṣirò wa lọ, ohùn rẹ̀ sì ti nípọn bí ti géètì onírin tí wọ́n ń wọ́. Òun ló ń pín wa bí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Èmi kì í sí nínú ìpín kankan. Ó jókòó sórí tábìlì mi, ó fi ìwé rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì síwájú mi. “Olójú-Mẹ́rin, ojú méjì tìẹ, ojú méjì tèmi. Fi méjì tèmi kọ iṣẹ́ àmúrelé mi.” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kí n sọ òtítọ́, bí kì í bá ṣe èmi ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé mẹ́rin lójoojúmọ́ lórí àpótí ìkó-aṣọ màmá mi, mo sì ń yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà kí tíṣà má bàa fura. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á gbá mi lórí. Bí mo bá yá, wọ́n ṣì lè gbá mi lórí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọmọ tí wọ́n ń yìn nílé kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń nà án níta.

Ní yàrá tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ni Bọ̀dá Délé ń gbé, àbúrò màmá mi. Ó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n àwòrán yíyà ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ó máa ń ya ọ̀gá rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ẹrù. Nígbà tí ọ́fíìsì náà fẹ́ kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan dànù, èyí tí ìlà àwọ̀ ewé kan là kọjá láàárín ojú rẹ̀, Bọ̀dá Délé tọrọ rẹ̀, ó sì gbé e lórí láti Àpápá wá sí Ajégúnlẹ̀. Màmá Onílé ní kí ló fẹ́ fi àpótí òkú yẹn ṣe. Ó ní kátúùnù ni, eré àwàdà olóríṣiríṣi apá, àwòrán á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀, á máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó pe eré náà ní Kíláàsì Aláriwo. Oṣù mẹ́ta ló fi ya apá kìíní, nítorí iná ìjọba máa ń lọ lójijì, ohun tó bá ti yà lọ́jọ́ náà á sì bá a lọ. Ìgbà náà la máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Mo gbé!”

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn iléèwé, ó pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti fi fọ́ọ̀mù ibùsùn rẹ̀ dí fèrèsé kí ariwo tírélà má bàa wọlé. “Wàsíù, wá ka nǹkan yìí sínú máìkì fún mi.”

“Ta ni mo jẹ́ níbẹ̀, sà?”

“Ìwọ ni Múfú. Ó mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orí mi ti wú. Mo ka “Tíṣà, mo mọ̀ ọ́n!” Mo ka “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé mi!” Èyí tó kẹ́yìn ni “Yéè!” Mo ké yéè yẹn títí tí ohùn mi fẹ́ há, Bọ̀dá Délé ṣáà ń sọ pé ó ku díẹ̀, kí n ké e bí ẹni tó ń já bọ́ láti òkè. Mo rò pé ibi ìjà ńlá kan ni, pé kìnnìún ni Múfú ń bá jà.

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìrẹsì ọ̀sán, ni Bọ̀dá Délé fi apá kìíní hàn wá ní pálọ̀ Màmá Onílé, nítorí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ló tóbi jù. Gbogbo ilé pé. Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ tó bàrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ bí igi ìṣáná, awò ojú rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ ìgò. Rọ́bà dúdú kan yí orí rẹ̀ ká. Mo gbé ọwọ́ sí rọ́bà tó wà lórí èmi náà. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbẹ̀gẹ́ gba ìwé Múfú, ó gba oúnjẹ Múfú, ó tì í, Múfú yí, ó yí, ó bọ́ sínú gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń jù lókè, ohùn mi sì jáde: “Yéèèè!” Ilé wó fún ẹ̀rín. Màmá Onílé ń fi ọwọ́ gbá itan. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín dé àárín, ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì dúró sí i lẹ́nu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, síídì Kíláàsì Aláriwo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà Boundary, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síta, àwọn ọmọ iléèwé wa sì máa ń dúró wò ó bí wọ́n bá ń lọ sílé. Wọ́n mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dàmọ́lá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúró dè mí létí gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn iléèwé. “Múfú, ké ‘Yéè’ fún wa jọ̀ọ́.” Mo ní mi ò ké. “Abẹ́gì, ẹ̀ẹ̀kan péré.” Mo ní mi ò ké. Wọ́n tì mí. Mi ò rò pé wọ́n fẹ́ kí n já bọ́ ní ti gidi, àmọ́ ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì bọ́ sínú omi dúdú yẹn dé àyà. Nígbà tí mo ń já bọ́, mo ké yéè. Ohùn kan náà ni. Wọ́n dì mọ́ra wọn níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, èmi sì ń fi ọwọ́ wá awò mi nínú ẹrẹ̀. Mo rí i. Ó ti sán láàárín.

Màmá Onílé ló rí mi kí màmá mi tó rí mi. Ó mú mi lọ sídìí kànga, ó fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ mí bí ẹni ń fọ ìkòkò, ó sì ń pariwo lé gbogbo ẹni tó bá yọjú pé ṣé wọn ò rí ìhòòhò rí ni. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, ti iṣẹ́ àmúrelé, ti orí gbígbá, ti gọ́tà. Màmá mi dúró lẹ́yìn wa, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sunkún. Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bọ̀dá Délé títí tí ìyẹn fi ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́.

“Sísítà mi, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín ni,” Bọ̀dá Délé ní nígbà tó gbọ́. “Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mọ̀ pé òun ni.”

“O mọ̀,” ni màmá mi wí. “O ya rọ́bà mi síbẹ̀.”

Bọ̀dá Délé sorí kọ́. Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ báyìí, mo sì lè sọ pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nítòsí rẹ̀, ó sì mú un láì bèèrè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo kórìíra rẹ̀. Mo ní mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Màmá Onílé, tó ń fi epo àgbọn pa mí lẹ́sẹ̀, gbọ́.

“Ohùn ta ni wọ́n ń gbọ́ nínú àpótí òkú yẹn?” ó bi mí.

“Tèmi ni, mà.”

“Ẹn-ẹ́n. Bí ìwọ bá di ẹnu rẹ, kí ni ọmọ olórí ńlá yẹn máa fi sọ̀rọ̀? Ẹni tó ni ẹnu kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Má bá a yodì. Lọ bá a dúnàádúrà.”

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi lágbára ni pé ọ̀gá iléèwé wa, tí òun náà ti gbọ́ nípa kátúùnù náà, ti ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Délé pé kó wá fi apá kejì hàn lọ́jọ́ ìparí sáà, níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí. Ó ku oṣù méjì, Bọ̀dá Délé sì ní òun á tún ọ̀pọ̀ àwòrán apá kìíní lò kó lè yá. Bí Múfú bá tún bọ́ sínú gọ́tà lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé mi ò ní jáde níbẹ̀ mọ́ títí n ó fi parí iléèwé. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Bọ̀dá Délé ti ń fọ eyín, mo lọ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú awò tí màmá mi ti fi téèpù lẹ̀.

“Bọ̀dá Délé, mi ò ní ké yéè mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ohùn mi, èmi ni màá kọ èyí tó kàn.”

Ó wò mí títí ìfófó ọṣẹ eyín fi ń kán sí i láyà. “Ṣé o lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Ìyẹn ni iṣẹ́ náà. Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, kò wọlé. Ṣé a ti gbọ́ra wa yé?”

Ojú ewé mẹ́jọ ni mo kọ lọ́jọ́ yẹn. Mo jẹ́ kí ejò bu Gbẹ̀gẹ́ jẹ. Mo jẹ́ kí sójà nà án. Mo jù ú sínú gọ́tà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra wọn, mo sì jẹ́ kí tírélà gba orí ẹ̀ kọjá. Bọ̀dá Délé kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, eyín rẹ̀ kan ò yọ. “O ti pa á tán,” ó ní. “Ta ló máa rẹ́rìn-ín níbi òkú?” Mo lọ fún Màmá Onílé kà, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n di sójà. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì, kò dáa. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ.

Ọ̀nà là lọ́jọ́ tí mi ò wá a. Ìyáàfin Adéòtí ní ká kọ àròkọ lórí “Bàbá Mi.” Dàmọ́lá ju ìwé rẹ̀ sí mi. Bàbá tirẹ̀ náà ń wakọ̀ ní pọ́ọ̀tù. “Kọ ọ́ kíá, mo fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Má fi àkókò ṣòfò lórí àwọn àmì wínníwínní yẹn.” Mo ní ó dáa. Mo kọ: Baba mi n wa ọkọ ni Apapa. Mo wò ó. Láìsí àmì, ọ̀rọ̀ náà jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkankan. Mo kà á bó ṣe yẹ: Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ní Àpápá. Mo wá kà á bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà: Bàbá mi ń wá ọkọ ní Àpápá. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo kọ èkejì: Iya mi n fọ awo lojoojumọ. Ìyá mi ń fọ awo, ìyá mi ń fọ́ awo. Ẹ̀rín ti ń gbé mi nínú jó. Mo parí iṣẹ́ Dàmọ́lá, mo fi gbogbo àmì sí i dáadáa nítorí tíṣà, mo sì sáré délé láì dúró ní ibì kankan.

Àpótí ìkó-aṣọ ni mo ti kọ ọ́, ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú òórùn ẹja ṣáwá tí màmá mi ń dín nínú ilé ìdáná. Gbẹ̀gẹ́ fi agbára mú Múfú kọ àròkọ fún un, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi àmì sí i. Àròkọ náà dùn débi pé ọ̀gá iléèwé ní kí Gbẹ̀gẹ́ wá kà á fún àwọn òbí. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará ilé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Gbẹ̀gẹ́ ti na ọrùn, tó kígbe pé “Bàbá mi ń wá ọkọ ní Àpápá!”, ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi dúró. Màmá Onílé ní, “Kí ni?” Mo tún un kà. Ó gbé ìborùn rẹ̀, ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bọ̀dá Délé kọ́kọ́ fara ti ògiri, ó wá rọra wọ́ sílẹ̀ títí tó fi jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó ń na ìka sí mi, kò lè sọ̀rọ̀. Ó wọlé.

Ó ku ohùn Gbẹ̀gẹ́. Bọ̀dá Délé ló ṣe é nínú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ní ti ibí yìí fẹ́ ọmọ gidi, tí ohùn rẹ̀ le. Mo mọ ohùn kan ṣoṣo tó rí bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní, “Má lọ.” Mo lọ. Mo bá Dàmọ́lá lórí pápá, mo ní ṣé ó fẹ́ wà nínú kátúùnù. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ní Gbẹ̀gẹ́ ni yóò jẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti gbá mi lórí. “Ṣé màá lù ọ́ dáadáa?”

“Rárá. Wàá ka àròkọ.”

Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbọ́, kò lè kọ̀ mọ́.

Ó dé ní Sátidé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Bọ̀dá Délé fi ìwé lé e lọ́wọ́, ó sì tan máìkì. Dàmọ́lá ń yí ìwé náà lọ́wọ́. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní yàrá náà gbóná. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí. “Wàsíù, yá mi ní awò ẹ.” Mo bọ́ ọ fún un. Ó fi sójú, ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí. Mo wá mọ̀. Ó rò pé awò yẹn ló ń kàwé fún mi. Ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀, tó ti tún kíláàsì kà lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ ìwé kà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi òun, àti èmi báyìí. Ohun tí mo ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nìyẹn, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ọsàn tó pọ́n. Ọ̀rọ̀ kan péré ní kíláàsì, mo ti parí rẹ̀. Mo wò ó, awò mi ṣì wà lójú rẹ̀.

“Bọ̀dá Délé,” mo ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wà níbí àwa méjì. Ojú ń ti Dàmọ́lá níwájú yín ni.”

Bọ̀dá Délé jáde. Mo rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dàmọ́lá, mo ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí i létí, òun náà ń sọ ọ́ sínú máìkì. Ibi tí mo bá ní kó ṣì í kà, ó ń ṣì í kà pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi ọkọ, ó dúró, ó ní, “Dúró ná, bàbá ta ni?” Ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, a sì yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ yàrá náà títí Bọ̀dá Délé fi ń kan ilẹ̀kùn.

Màmá Onílé ló ṣe ohùn ọ̀gá iléèwé, pẹ̀lú Yorùbá àtijọ́ tirẹ̀ tí ìdajì wa ò gbọ́ tán. Bàbá mi, tó ti ìrìn-àjò dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, jí nítorí ariwo, ó yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò oorun. Bọ̀dá Délé bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá wa ṣe bàbá Gbẹ̀gẹ́, gbólóhùn kan péré ni. Mo ti ń retí kó padà wọlé lọ sùn. Ó gba ìwé, ó kà á sínú, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kíni. Bọ̀dá Délé ní, “Bọ̀dá, ẹ sọ ọ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn bá gba iwájú yín.” Bàbá mi mí kanlẹ̀. “Ọkọ wo ni mo ń wá? Ṣé mi ò níyàwó nílé ni?” Páànù gbọ̀n. Láti yàrá kìíní dé ìkẹwàá ni wọ́n ti tú jáde.

Lọ́jọ́ ìparí sáà, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn iléèwé wa, jẹnẹrétọ̀ ń kùn níta, gbogbo ibẹ̀ kún débi pé àwọn kan wà lójú fèrèsé. Bí orí Múfú ti yọ, ariwo sọ, “Olójú-Mẹ́rin!” Gbẹ̀gẹ́ dé iwájú àwọn òbí, ó ṣí ìwé. “Bàbá mi ń wá ọkọ ní Àpápá.” Àwọn ìyá kan níwájú yíjú sí ara wọn, mo sì rò pé mo ti kú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí lẹ́yìn, ó ń bọ̀ bí òjò tó ti ọ̀nà Marine Beach bọ̀, ó kan àwọn tíṣà, ó kan àwa. Lójú aṣọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan nínú agbádá ìgbéyàwó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá Gbẹ̀gẹ́. “Ìyá mi ń fọ́ awo lójoojúmọ́.” Awo ń fò. Ìgbà tí bàbá mi wá kígbe pé ọkọ wo ni òun ń wá, Ìyáàfin Adéòtí ti gbé orí lé èjìká tíṣà ìṣirò, ó ń sunkún ẹ̀rín. Múfú bá dìde láti ẹ̀yìn, ó gun orí ìtàgé tòun ti bírò rẹ̀. Ó fi àmì kan sí i: ọkọ tó wọ agbádá wú, ó ní táyà, ó fọn fèrè, ó di tírélà. Ó yọ àmì kan kúrò: awo tó ti fọ́ padà sórí tábìlì, ó ń dán. “Tún un kà,” ni Múfú wí. Kí Gbẹ̀gẹ́ tó la ẹnu, gbogbo gbọ̀ngàn ti kà á fún un, òbí, ọmọ, tíṣà, ní ohùn kan: “Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ní Àpápá!” Mo ti kọ oríṣiríṣi nǹkan láti ìgbà náà wá, mo ti gbọ́ ẹ̀rín ní gbọ̀ngàn tó tóbi ju ìyẹn lọ. Kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀.

Wọ́n ní ká tún fi hàn. A tún fi hàn lẹ́ẹ̀mejì, títí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán. Dàmọ́lá ń rìn káàkiri, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ni Gbẹ̀gẹ́, pé èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tí a wọlé sáà tuntun, kò ju ìwé rẹ̀ sí mi mọ́, ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Kọ́ mi.” Ó gbà wá ní ọdún kan gbáko kó tó mọ ìwé kà. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní Àpápá báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé ẹrù rẹ̀. Bọ̀dá Délé fi ọ́fíìsì sílẹ̀, kátúùnù ló fi ń jẹun. Apá kẹta Kíláàsì Aláriwo, èmi ni mo kọ ọ́. Apá ìkẹwàá náà, èmi ni.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìparí sáà yẹn ni mo fẹ́ràn láti máa padà sí. Bàbá mi gbọ́dọ̀ gbé ẹrù jáde, ó ti wọ bàtà rẹ̀, ó ti mú ike omi rẹ̀. Mo bá a dé ẹnu géètì bí mo ṣe máa ń ṣe. Kì í sábà wẹ̀yìn bó bá ti ń lọ. Lọ́jọ́ náà ó dúró, ó yí padà, ó ń wo ilẹ̀.

“Wàsíù. Nínú èyí tó ń bọ̀, ṣé mo ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀?”

“Ẹ ní, Bàámi. Gbólóhùn kan, bíi ti tẹ́lẹ̀?”

Ó rò ó. Ó fa ike omi náà mọ́ra.

“Jẹ́ kó gùn díẹ̀,” ó ní.